Ìlà Mẹ́fà Mẹ́fà

Ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, àbúrò mi kọ irọ́ kan sínú ìwé. Láti ìgbà náà ni mi ò ti jókòó nílé rẹ̀ mọ́.

Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí n tó fi iléèwé sílẹ̀. Géètì èbúté ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Òun ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa bí orílẹ̀-èdè ṣe ń bá ara wọn ṣòwò. Mo sọ fún un pé àwọn kọ̀nténà tí ìwé ìjọba ní ọjà kún inú wọn, òfìfo ni ọ̀pọ̀ wọn ń jáde lọ sókè òkun. Mo fi irin gbá wọn fún un, oṣù mẹ́jọ gbáko. Èyí tó bá dún gboogbo, màá fa ìlà sínú ìwé mi. Iṣẹ́ yẹn ló sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ń pè káàkiri ayé. Ohun tó sì kọ sínú ìwé tirẹ̀ ni pé: "Èmi fúnra mi ni mo kà wọ́n." Ẹni tí kò fọwọ́ kan irin rí!

Mi ò bá a jà. Mo kàn ń dúró ni. Ìyàwó rẹ̀ sọ mí ní Òpó.

"Òpó ti dé o," lá máa wí, "ilé wa ò lè wó mọ́."

Màá rẹ́rìn-ín, màá gba oúnjẹ mi, màá fara ti ògiri. Ayé mi dára.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan ní pálọ̀, obìnrin tó ń tún iṣẹ́ náà yẹ̀ wò. Ìwé ìlà mi, tí mo fún àbúrò mi nígbà náà, wà lórí itan rẹ̀.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, márùn-ún márùn-ún làwọn èèyàn máa ń di ìlà. Kí ló dé tí tiyín fi jẹ́ mẹ́fà mẹ́fà?"

Àbúrò mi wo ìwé, ó wo àjà, ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí."

"Kí n gbà ọ́ lọ́wọ́ kí ni? Ṣebí ìwọ lo kà á."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná."

"Ìdúró tù mí lára."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín nílé ìdáná.

Kọ̀nténà mẹ́fà ni géètì wa ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ̀ ọ́n, mo ń jẹ ẹran mi. Akẹ́kọ̀ọ́ náà mú bírò dání, ó ń retí.

Àbúrò mi bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ó rọra wí fún un. "Mi ò ka ẹyọ kan. Ẹ̀gbọ́n mi ló kà á."

Mo fa àga kan sọ́dọ̀ mi.

"Gbóhùn sókè. Ìyàwó wa ò gbọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi ló kà á! Gbogbo rẹ̀! Irọ́ ni mo pa!"