Ó Ti Jáde Nínú Igbó

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú wa, Comalapa. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí pé, "N kò mọ̀."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Doña Tránsito, ìyá kan ládùúgbò wa, já wọ kíláàsì mi, fóònù lọ́wọ́. Hermenegildo, ọmọ rẹ̀, ń gbin igi nínú igbó kan lókè òkun. Igi wó lù ú níbi iṣẹ́, ọjọ́ kẹrin rèé. Ọ̀gá rẹ̀ ló wá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́.

"Tíṣà, ẹ bá mi kà á. Kí ni wọ́n wí?"

Kò ju ìlà kan lọ: "He's out of the woods." Mo túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ. "Wọ́n ní ó ti jáde nínú igbó."

"Ó jáde báwo? Ṣé ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ni, àbí wọ́n gbé e?"

Ojú ogójì ọmọ ń wò mí. Yesenia, ọmọ aránṣọ, nawọ́ sókè. "Tíṣà, ó jọ àkànlò èdè. Mo rí i nínú ìwé kan pé—"

"Ta ló ń kọ́ ta níbí? Jókòó jàre!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo yíjú sí ìyá náà, mo rẹ ohùn sílẹ̀ bí àlùfáà. "Ẹ mọ́kàn le, Doña. Ẹni tígi wó lù, ṣebí gbígbé ni wọ́n á gbé e."

Igbe tó ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Kílẹ̀ tó ṣú, aṣọ dúdú ọ̀fọ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò gbé tàmálì, oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n fi ewé wé, àti kọfí wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án fún òkú. Èmi gan-an bá wọn tan àbẹ́là.

Lọ́jọ́ kẹta, àdúrà ń lọ lọ́wọ́ ni fóònù ìyá náà dún, ohùn Hermenegildo sì jáde síta.

"Mamá, kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́? Ṣé ọ̀gá mi ò sọ fún yín pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ ewu ni?"

Doña Tránsito dákú. Nígbà tó máa fi jí, gbogbo ilé ti kọjú sí mi. Bàbá arúgbó kan ní, "Wenceslao, Gẹ̀ẹ́sì wo gan-an lo ń kọ́ àwọn ọmọ wa?" Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo pe Yesenia síwájú kíláàsì, mo ní kó sọ ohun tí n kò jẹ́ kó sọ lọ́jọ́ náà. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èèyàn ti bọ́ lọ́wọ́ ewu, kò wojú mi. Mo kọ ọ́ sójú pátákó bó ṣe pè é, mo sì bẹ̀ ẹ́ níṣojú gbogbo wọn.

Doña Tránsito ò bínú. Ó ní ọmọ òun wà láàyè, kí lòun tún ń wá? Bó bá bínú ni, ì bá sàn fún mi. Tí mo bá rí i lókèèrè báyìí, ńṣe ni mo máa ń yà gba ọ̀nà mìíràn.