Ta Ló Ni Ìdáríjì Lalla Beya?

Nígbà tí òdòdó ọsàn bá dé sí Kusantina, òórùn ìyàwó ni gbogbo ìlú máa ń gbé. Lórí àwọn afárá, láti etí ọ̀gbun kan dé èkejì, obìnrin yóò máa gbé àpò òdòdó lọ sílé, ọkọ rẹ̀ á sì ti mọ̀ pé oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ náà yóò pẹ́. Ìkòkò bàbà ni wọ́n fi ń sè é. Ooru rẹ̀ á gun òkè, á kan ìdérí tí wọ́n bu omi tútù sí lórí, á wá máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú ìgò ọlọ́rùn gígùn. Wọ́n á po tamina, ìyẹ̀fun àlìkámà yíyan pẹ̀lú bọ́tà àti oyin, kí ọjọ́ náà lè dùn. Nílé Lalla Beya, èèwọ̀ kan tún wà tí àwọn ìyá ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀: títí ìgò tó kẹ́yìn yóò fi kún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìbínú sọ̀rọ̀ nínú àgbàlá. Wọ́n ní omi òdòdó ní etí. Bí ó bá gbọ́ ìjà, á kan.

Èèwọ̀ yìí ni Akila sá sí lábẹ́ lọ́jọ́ tí ó rí ọwọ́ ìyá rẹ̀.

Akila ni àkọ́bí Lalla Beya. Opó ni, òdìkejì ọ̀gbun ló ń gbé. Rabah, àbúrò rẹ̀, ni ó wà pẹ̀lú ìyá wọn nínú ilé ẹbí, nítorí ọmọkùnrin níí gbé ìyá sọ́dọ̀, bí ìlú ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá kan ara ìyá náà, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà ìrúwé ọdún náà, Akila wá bá wọn se omi òdòdó bí ó ti máa ń ṣe. Wọ́n gbé ìyá sórí àga lábẹ́ òjìji ògiri. Oòrùn ń mú, síbẹ̀ aṣọ alápá gígùn ni wọ́n wọ̀ fún un.

Akila bu omi àkọ́kán sí àtẹ́lẹwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti fi pa ọwọ́ ìyá rẹ̀. Bí apá aṣọ ṣe fà sókè, ó rí i. Ojú egbò yí ọrùn ọwọ́ náà po, tuntun lórí ti àtijọ́, bí ọrùn ewúrẹ́ tí okùn ti jẹ. Nígbà tí ó gbójú sókè, Rabah wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò ó.

Rabah rọra sọ pé ìyá máa ń fẹ́ dìde lójijì, á sì ṣubú, pé aṣọ rírọ̀ ni àwọn fi ń so ó, ìgbà tí kò bá sí ẹni tí yóò jókòó tì í nìkan ni. Iná ń jó lábẹ́ ìkòkò. Omi ń kán. Ìyá ń wo ẹnu Akila, bí ẹni tí ń retí kí ilẹ̀kùn ṣí. Akila rántí èèwọ̀. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, ó dìgbà tí omi bá kán tán. Ó fa apá aṣọ náà sílẹ̀.

Nígbà tí omi kán tán, Rabah to ìgò sínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó wé tamina fún un, ó sì sìn ín dé orí afárá, ó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n àtàtà. Akila gba apẹ̀rẹ̀ náà. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di àwẹ̀, àwẹ̀ di ọdún ìtúnu àwẹ̀, ọdún di ìgbà tí ọmọ rẹ̀ bímọ. Èyí tó wá dùn ún jù lẹ́yìn náà ni pé níbi ìsọmọlórúkọ yẹn, nígbà tí ẹnìkan béèrè ìyá, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Rabah ń gbìyànjú."

Ní ìgbà òjò ni àṣírí tú. Rabah àti ìyàwó rẹ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ní Annaba. Chérifa, aládùúgbò tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àgbàlá wọn, gbọ́ ìkérora. Ó kan ilẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn, ó bá pe ọlọ́pàá. Wọ́n já ilẹ̀kùn wọlé. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti bá Lalla Beya, wọ́n so ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì lágbára mọ́ irin, ẹ̀gbin rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ife omi lórí àpótí níbi tí ọwọ́ kò lè dé. Láti ilé ìwòsàn, ilé Akila ni wọ́n gbé e wá. Ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́.

Mounira ni agbẹjọ́rò tó dúró fún ìyá, ọmọ ọ̀rẹ́ Akila ni. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí àwọn aṣòfin fún òfin tó ń dáàbò bo arúgbó àti aláìlera ní eyín tí yóò fi bunijẹ. Ó ṣàlàyé fún Akila pé òfin wà, ṣùgbọ́n ó ní ihò. Bí ẹbí bá ti wá síwájú adájọ́ pé àwọn ti dárí ji ẹni tó ṣẹ̀, ọ̀pọ̀ adájọ́ á pa ẹjọ́ dé, wọ́n á dá arúgbó padà síbi tí wọ́n ti gbé e wá.

Mounira ní, "Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn ló ń bá a dárí jì. Èmi ò tíì rí irú ìdáríjì bẹ́ẹ̀."

Kò pẹ́ tí àwọn àgbà ẹbí fi dé, pẹ̀lú ṣúgà àti kọfí tí a fi ń bẹ̀bẹ̀. Si Tahar, àbúrò ìyá wọn, ló ṣáájú, Rabah sì ń tẹ̀lé e, ojú rẹ̀ ti rù. Akila gbé kọfí kalẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n ti ń ṣe nìyẹn: ó dìgbà tí onílé bá gba ẹ̀bẹ̀.

Si Tahar ní, "Ọmọ mi, bí a bá fọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a máa fi tòsì fà á mọ́ra."

"Ọmọ kọ́ ni wọ́n so mọ́ bẹ́ẹ̀dì, Si Tahar. Ìyá ni."

"Kọfí ń tutù o. Beya tí mo mọ̀ kì í jẹ́ kí kọfí tutù níwájú àlejò."

"Ó wà nínú yàrá. Ẹ wọlé lọ bi í."

Kò sẹ́ni tó dìde. Rabah ló wá sọ̀rọ̀, kò pariwo. Ó béèrè pé ta ló ń yí ìyá padà, ta ló ń fọ aṣọ rẹ̀, ta ni kò sùn láti ìgbà tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin, ẹ̀gbọ́n mi, omi òdòdó lẹ máa ń wá gbé." Ó tọ́ka sí yàrá ìyá. "Ẹ sì rí i. Ẹ rí ọwọ́ rẹ̀, ẹ fa aṣọ bò ó. Mo rò pé ẹ gbà pé kò sọ́nà mìíràn ni. Bẹ́ ẹ bá lọ síwájú adájọ́, màá sọ ọ́."

Àwọn àgbà yíjú sí Akila. Ó kó àwọn ife kọfí náà, ó dà wọ́n nù sínú ilé ìdáná, ó sì dúró níbẹ̀ títí ó fi gbọ́ tí ilẹ̀kùn pa dé.

Ó lọ bá Mounira, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìjókòó. Mounira fa àga kan sún mọ́ ọn. Ó ní bí Akila bá fẹ́, òun kò ní béèrè ọ̀rọ̀ ọjọ́ òdòdó. Bí Rabah bá sọ ọ́, Akila lè sẹ́, ẹnu tirẹ̀ àti ti Rabah nìkan ni. Akila fẹ́ gbà. Ó kù díẹ̀ kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó ń kọjá lórí afárá padà sílé, ó tilẹ̀ ti ń to irọ́ náà lẹ́sẹẹsẹ, ó sì rí i pé ó rọrùn láti sọ, nítorí ó ti ń pa á láti ìgbà ìrúwé.

Ní ilé ẹjọ́, adájọ́ bi Akila pé ṣé ẹbí ti dárí ji Rabah. Akila dìde.

"Olúwa mi, èmi kọ́ ni mo ni ìdáríjì náà. Ìyá mi ló ni ín, ẹnu rẹ̀ kò sì lè sọ ọ́. Àbúrò mi so ó. Èmi rí ojú okùn, mo dákẹ́, mo gba ìgò omi òdòdó, mo lọ sílé mi. Ẹni tó so ó àti ẹni tó wò ó, kí ni a fẹ́ fi dárí ji ara wa lórúkọ rẹ̀?"

Rabah, tó ti la ẹnu, pa á dé. Ó fi ọwọ́ bo ojú.

Adájọ́ kò pa ẹjọ́ náà dé. Ó ní kí ìyá má ṣe padà sí ilé Rabah, kí àwọn tó mọ̀ nípa ìtọ́jú sì máa yọjú sílé Akila pẹ̀lú, láìsọ tẹ́lẹ̀. Si Tahar kò kí Akila nígbà tí wọ́n ń jáde. Lẹ́nu ọ̀nà, Mounira béèrè bóyá òun lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ síwájú àwọn aṣòfin ní Algiers, kí òun fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. Akila ní kó gbé e lọ, kó má sì fi orúkọ pamọ́.

Ó dé ilé, ó bá Chérifa, tó ti sọdá afárá wá bá a ṣọ́ ìyá. Ó bu ọbẹ̀ ẹ̀wà gbígbóná sínú abọ́, ó jókòó síwájú Lalla Beya, ó sì sọ ohun tó yẹ kó ti sọ kí ó tó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

"Ìyá, mo rí i lọ́jọ́ náà. Mo rí i, mo bò ó mọ́lẹ̀."

Ìyá wò ó pẹ́. Nígbà tí ṣíbí dé ètè rẹ̀, ó fi ọwọ́ tó dá ṣáká rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Akila tún gbé e wá, ó tún tì í. Chérifa gba ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ìyá la ẹnu, ó jẹun.

Akila sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹní, ó gbé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra á. Ẹsẹ̀ náà tutù. Ìyá kò fà á padà, kò sì wojú rẹ̀.

"Chérifa, ẹ jọ̀ọ́," ni Akila wí, "ṣé ẹ lè máa wá lójoojúmọ́?"

Chérifa ní òun á máa wá.