Ohun Tó Ń Lu Àyà Àdúmáadán

Aránṣọ kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ̀yìn ń ro ó bí kò ro ó, tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, kò sóhun tó lè dá a dúró sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́. Ẹṣin rẹ̀ ló ń lọ bá. Àdúmáadán ni bàbá rẹ̀ sọ ẹṣin náà, abo dúdú tára rẹ̀ ń dán gbinrin. Eré ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń múra fún, èyí tó ń gba ẹṣin láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ṣé ẹ rò pé kéèyàn kàn máa nà án lẹ́gba kó máa sáré ni? Rárá o. Ìrìn ni aránṣọ fi bẹ̀rẹ̀, lórí ilẹ̀ rírọ̀, títí ẹsẹ̀ ẹṣin náà fi le dáadáa. Ìgbà yẹn ló tó kan eré sísá díẹ̀díẹ̀, kó tó wá kan gígun òkè. Bó bá ṣiṣẹ́ lónìí, á sinmi lọ́la.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ní gbogbo ibùdó ojú ọ̀nà, dókítà ẹran á gbọ́ bí àyà ẹṣin ṣe ń lù. Bí kò bá tètè rọlẹ̀, wọ́n á ní ó ti rẹ̀ ẹ́ jù, ẹṣin ń lọlé nìyẹn. Bí wọ́n ṣe dá Àdúmáadán padà lọ́dún tó kọjá nìyẹn, tí aránṣọ sunkún délé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ni ilé tí wọ́n ń so ẹṣin náà mọ́, kò fi sábẹ́ ahọ́n sọ: bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí, kó wá ẹni tó máa gba ẹṣin náà lọ.

Ni aránṣọ bá bẹ dókítà ẹran kó wá gbọ́ àyà náà nílé, lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá sáré dé.

Dókítà gbé ẹ̀rọ lé e láyà. “Ó ń rọlẹ̀ dáadáa.”

Àfi bí bàbá ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà, bíríkìlà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń súfèé, tọ́wọ́ wọn wà nínú àpò ṣúgà. Bí wọ́n ṣe máa ń pàdé ẹṣin náà nìyẹn, láti kékeré tí wọ́n ti ń fi ìgò fún un ní wàrà. Àyà ẹṣin bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í yára lù. Dókítà lejú.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé padà.”

Bàbá wọlé, àyà rọlẹ̀. Bàbá jáde, àyà ń lù kì-kì-kì. Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Kò rẹ̀ ẹ́ rárá. Inú rẹ̀ ló ń dùn jù.”

Bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kò síbùdó tí bàbá ò dúró sí. Ojú wọn fà ro.

“Ṣé èmi ni mo bà á jẹ́ fún ẹ?”

“Ìfẹ́ yín ló pọ̀ jù, Bàbá mi.”

“Ó dáa. Inú ọkọ̀ ni màá wà. Màá yí gíláàsì sókè.”

Lọ́jọ́ eré, bàbá dùbúlẹ̀ sórí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ẹṣin má baà rí wọn. Ní ibùdó ìkẹyìn, aránṣọ da omi sí Àdúmáadán lára, òun fúnra rẹ̀ sì dúró bí igi nígbà tí dókítà ń gbọ́ àyà ẹṣin náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàápàá ò mí.

“Ó ti rọlẹ̀. Ẹ yege.”

Aránṣọ ò dúró gbọ́ àtẹ́wọ́. Ó sáré lọ ṣílẹ̀kùn ọkọ̀.

“Ṣé ó rọlẹ̀?” ni bàbá bi í.

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá fa ọwọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e lé àyà tiwọn.

“Wò ó,” ni wọ́n wí, omijé ń dà lójú wọn, “tèmi ò tíì rọlẹ̀.”