Alùpùpù Tó Ṣubú Kó Tó Jáde Nílé

Òtítọ́ pọ́ńbélé ni, bí mo bá parọ́ kí n má jí lọ́la... ó dáa, kí n jí, ṣùgbọ́n kí ojú máa dùn mí. Ó kéré tán, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí fáwọn ọ̀rẹ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa mí síbí. Ẹ̀yìn tìmùtìmù àtijọ́ tí a gbé ti ògiri gáréèjì ni mo sá sí, eruku ń wọ imú mi, bàbá mi sì dúró sọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń wo alùpùpù wọn tó nà gbalaja sílẹ̀.

Èmi ni mo tì í ṣubú. Ta ni ì bá tún jẹ́?

Wọn ò tíì pariwo. Kí ló dé tí wọn ò pariwo?

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbéra, àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn, Dókítà Eyín. Láti Yúróòpù wọ Áfíríkà, kí wọ́n gun alùpùpù títí dé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tí ilẹ̀ ti pàdé òkun. Oṣù mẹ́jọ! Bàbá tó jẹ́ pé kọ́tìnì ni wọ́n ń rán. Bàbá tí òjò ò gbọ́dọ̀ ta sí lára, tí wọ́n bá ti sín ẹ̀ẹ̀mejì, gbogbo ilé á máa sáré gbé omi gbígbóná kiri. Àwọn ló ń lọ aṣálẹ̀. Yẹ̀yẹ́.

Ìmúrasílẹ̀ wọn wá ńkọ́? Wọ́n pa àgọ́ sí pálọ̀, lórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga, àgbàlagbà méjì sì kó wọnú ẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni pé kìnnìún wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Màmá mi gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ kọjá. "Ẹ kú ìrìn o. Ṣé oòrùn aṣálẹ̀ ò mú jù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká ẹsẹ̀ yín kúrò lọ́nà, mo fẹ́ gbálẹ̀." Èmi ni mo da iyẹ̀pẹ̀ sínú bàtà wọn lọ́jọ́ náà, kí aṣálẹ̀ lè tètè bẹ̀rẹ̀.

Dókítà Eyín yẹn gan-an... Lẹ́nu, "wọ́n" ni mo ń pè é. Nínú ikùn mi níbí, "ó" ti pọ̀ fún un. Odidi ìrọ̀lẹ́ kan ni òun àti bàbá mi fi kọ́ bí wọ́n á ṣe juwọ́ sáwọn èèyàn lójú ọ̀nà.

"Má fì í báyẹn, o dà bí ẹni tó ń lé eṣinṣin."

"Tìrẹ ńkọ́? Àfi bíi pé o ń dá ọkọ̀ dúró."

Akínkanjú pálọ̀!

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù: wọ́n di ẹrù tán, àpótí irin lọ́tùn-ún, àpótí irin lósì, kẹ́ẹ̀gì epo, àgọ́, ìkòkò, bàbá mi sì gun orí alùpùpù náà nínú gáréèjì níbí. Sítáǹdì ló gbé e dúró o. Wọ́n jókòó bí ọba, wọ́n ní, "Ó mà fúyẹ́ o! Bí ẹni pé kò sẹ́rù kankan." Dókítà pàtẹ́wọ́. Sítáǹdì ló ru gbogbo ẹ̀! Kò sẹ́ni tó rántí pé alùpùpù lè ṣubú, pé ẹnì kan ló máa gbé e dìde. Torí náà ni mo ṣe... torí ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín lásán.

Bàbá mi ti bọ́ awò ojú wọn báyìí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n di ọwọ́ alùpùpù mú — hẹ̀n! Ó gbéra díẹ̀. Ó padà sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀n, akọni! Bí Dókítà bá ti ṣáájú lọ, ta ló máa bá yín gbé e nínú iyanrìn?

Wọ́n tún gbìyànjú. Ó gbéra, ó dúró, ó padà.

Ẹ̀rín mi ti ń bọ̀. Ó ń bọ̀... Kò dé.

Wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n máa pe Màmá mi nísinsìnyí, ìyẹn ni màá fò jáde... Rárá. Wọ́n rìn lọ, wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn. Wẹ́lẹ́. Wọn ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí i. Wọ́n padà wá, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn. Wọ́n ń mí gule-gule.

Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká wọlé.

Ta ló sọ ìyẹn? Èmi? Ọ̀rọ̀ aláwàdà kọ́ nìyẹn.

Wọ́n dìde. Kí ló ń ṣe bàbá yìí ná? Wọ́n kẹ̀yìn sí i lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa, wọ́n ń fi itan gbé e. Ta ló kọ́ wọn nìyẹn? Ó ń dìde... ó ń dìde — ó dúró. Ibì kan náà tó dúró sí lẹ́ẹ̀kan.

Ibì kan náà, kẹ̀.

Ó dáa. Irọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí. Mo ní mo tì í ṣubú. Mi ò sọ pé mo wá wáyà, mo fi so ọwọ́ alùpùpù náà mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì irin tó wà nínú gáréèjì, mo sì yí i lẹ́ẹ̀mẹta kó má baà já. Ta ló ń yí wáyà lẹ́ẹ̀mẹta torí ẹ̀rín?

Wọn ò tíì rí wáyà náà. Wọ́n ṣì di alùpùpù mú, ọrùn wọn le gbandi, wọn ò jọ̀wọ́ ẹ̀, wáyà sì ti nà tán. Wọ́n lè gbé e, wáyà mi nìkan ló ń dá a dúró. Láti ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ti lè gbé e. Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá mi máa lọ.