Ìsìnkú Tó Ṣáájú Ìgbéyàwó

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta ọdún 1984, mo ra ìwé ìròyìn ilé iṣẹ́ kejì tó ń bá tiwa díje ní ibùdókọ̀, mo sì rí èrò ọkàn mi nínú rẹ̀ lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn.

Èmi ni mo ń kọ ojú ìwé fíìmù nínú ìwé ìròyìn tiwa, tó ń jáde ní Sátidé. Fíìmù méjì ni mo máa ń yẹ̀ wò lọ́sẹ̀, àtijọ́ kan, tuntun kan: ti ìfẹ́, ti ogun, ti ọ̀daràn, ti ẹ̀rín, ti iwin. Kí n tó dé ìdí iṣẹ́ yìí, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ru ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Àtẹ̀gùn mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo ti kàwé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi orúkọ mi sílẹ̀ níbẹ̀, òun náà ló sì ń ka ìwé sí mi létí bí oorun bá fẹ́ gbé mi lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni onítáípù ilé iṣẹ́ wa. Ọwọ́-Òjò ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bó bá ti gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ, bí òjò orí páànù ni. Ọ̀sán Mọ́ńdè ni mo máa ń lọ wo fíìmù. Tó bá di Túsìdé, màá kó ohun tí mo fọwọ́ kọ fún un. Kò sẹ́ni tó ń rí i ṣáájú rẹ̀. Bí gbólóhùn kan kò bá dùn mọ́ ọn, yóò fi ìka gbá a lórí ìwé, yóò ní, "Àbúrò, èyí ń tiro."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, fíìmù àtijọ́ kan ni mo wò, aláwọ̀ dúdú àti funfun, nípa aránṣọ kan tó fẹ́ sójà. Wọ́n sin sójà náà tán ká tó rí ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ó wú mi lórí. Mo kọ ọ́ pé olùdarí fíìmù náà fi ìsìnkú ṣáájú ìgbéyàwó kí a má bàa lè bá ọkọ ìyàwó rẹ́rìn-ín láìrántí pósí rẹ̀. Ohun tí mo wá kà ní ibùdókọ̀ nìyí: "Ọlọ́gbọ́n ló fi ìsìnkú ṣáájú ìgbéyàwó, tí ẹ̀rín ọkọ ìyàwó fi di ohun ẹkún."

Ọkùnrin kan tí a ń pè ní Onígíláàsì, tó ń kọ ojú ìwé fíìmù tiwọn, ló kọ ọ́. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, a wo fíìmù iwin kan, èmi àti òun kọ ọ́ pé ilé náà bani lẹ́rù ju iwin inú rẹ̀ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nínú fíìmù ẹ̀rín kan, èmi àti òun rí i pé bàtà ọlọ́pàá náà kò bára mu. Ìgbà àkọ́kọ́, mo pè é ní àkọsẹ̀bá. Ìgbà kejì, ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí. Ìgbà kẹta yìí, mo rántí pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, mo rí i pẹ̀lú Onígíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé iṣẹ́ wa. Ọkùnrin náà fún un ní àpòòwé, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pínyà. Nígbà tí mo wọ yàrá rẹ̀, ó fi apá bo ìwé kan lórí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé kí nìyẹn?"

"Ìwé ni. Ṣé gbogbo ìwé ayé ló jẹ́ tìẹ ni?"

"Mo kàn béèrè ni."

"Ìwọ kì í kàn béèrè. Láti kékeré, kí o tó bi èèyàn ní nǹkan, o ti dá a lóhùn tán nínú ara rẹ."

Ní Mọ́ńdè, ọ̀gá olóòtú pè mí. Ó ti tẹ́ ìwé ìròyìn méjèèjì síwájú.

"Ọ̀gbẹ́ni Sinimá, wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún ní Ọjọ́bọ̀, o ń bu èérún rẹ̀ fún wa ní Sátidé. Bó bá jẹ́ ìwọ lo ń jí tiwọn wò, sọ. Bó bá jẹ́ àwọn ló ń jí tìẹ, dárúkọ olè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá fi ojú ìwé yẹn polówó táyà."

"Mi ò jí nǹkan kan, sà."

"Ta ló ń kọ́kọ́ rí iṣẹ́ rẹ?"

"Onítáípù."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Onítáípù," ni mo tún wí.

Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó gbọ́ ẹ̀sùn náà lórí ìdúró, ó yíjú sí mi. "Ṣé ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀gá ló bi mí ní ìbéèrè."

"O sì dáhùn."

Ó lọ mú àpòòwé náà wá, ó tú u sórí tábìlì. Lẹ́tà ìwáṣẹ́ ni. Ọmọbìnrin Onígíláàsì ló fẹ́ fi í wá iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ kó bá wọn tẹ̀ ẹ́ kó lè mọ́. Ọ̀gá kà á tán, ó ní, "Lórí ẹ̀rọ wa, ní àkókò iṣẹ́ wa. Ẹni tó ń tẹ lẹ́tà fún wọn, kí ni kò lè tẹ̀ fún wọn?" Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti dá a dúró. Ó kó ife rẹ̀ àti gèlè tó máa ń fi bo ẹ̀rọ, ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi láìdúró.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ní ọjọ́ mẹ́rin sí i, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní òun wo fíìmù aránṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹta nígbà èwe òun. "Ìgbéyàwó ló ṣáájú, ìsìnkú ló kẹ́yìn. Ibo lẹ ti rí tiyín? Ẹ̀yin àti ẹnì kejì yín, ṣé orí kan náà lẹ jọ ń lò ni?"

Mo gba ilé sinimá lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọkùnrin tó ń yí fíìmù wà nínú yàrá rẹ̀ kékeré lókè, ó ń nu ojú ẹ̀rọ rẹ̀. Mo fi lẹ́tà náà hàn án. Ó rẹ́rìn-ín.

"Òótọ́ ló sọ. Inú agolo mẹ́fà ni fíìmù yẹn wà. Ẹni tó dì í kọ nọ́ńbà kẹta sára agolo karùn-ún, ó kọ ìkarùn-ún sára ìkẹta. Bí mo ṣe yí i ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyẹn. Mo ti tún un ṣe ní Túsìdé."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ta ni kí n sọ fún? Kò sẹ́ni tó pariwo. Ẹ̀yin méjì tẹ́ ẹ ń fi fíìmù jẹun, mo rí i tẹ́ ẹ ń kọ nǹkan sílẹ̀ kíkankíkan, mo ní bóyá ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Àwa méjì wo?"

"Ẹ̀yin àti Onígíláàsì. Gbogbo Mọ́ńdè kẹ̀? Ẹ̀yin níwájú, òun lẹ́yìn pátápátá. Ẹ ò lè rí i, kí iná tó tàn lẹ máa ń sá jáde, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí i."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn kan náà, lọ́sàn-án kan náà, ojú àwa méjèèjì ti bá bàtà ọlọ́pàá kan náà. Ẹnikẹ́ni kò jí nǹkan kan.

Mo lọ bá ọ̀gá. Ó ní a kò ní tẹ àtúnṣe kankan, pé a ti gba onítáípù mìíràn, àti pé ọ̀rọ̀ lẹ́tà ìwáṣẹ́ tó tẹ̀ lórí ẹ̀rọ wa kò yí padà síbẹ̀. Láti ibẹ̀ mo lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń ká aṣọ lórí okùn. Mo ṣàlàyé agolo fún un láti orí ìkíní dé orí ìkẹfà, kò dá mi dúró. Nígbà tí mo parí, mo ní kó dárí jì mí.

"Ẹnì kan ṣi agolo kọ, o ní ọlọ́gbọ́n ni," ló wí. "Èmi ń bá ọ ka ìwé láti ìgbà tí o kò mọ á-bí-dì, o ní olè ni mí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti jẹ̀bi."

"Mo gbọ́. Mi ò bínú débi tí n ò ní dá ọ lóhùn. Gbá ìkángun aṣọ yìí mú, ká ká a."

A ká a. Ní Túsìdé tó tẹ̀ lé e, mo fi ohun tí mo fọwọ́ kọ ránṣẹ́ sí i, kó bá mi wò ó. Ó dá a padà láìtú u. Mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ó dá gbogbo rẹ̀ padà.

Ọdún kẹjọ rèé. Ojú ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. A ń kí ara wa, a ń bá ara wa ṣọ̀fọ̀, a ń bá ara wa yọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò ka ọ̀rọ̀ mi mọ́.