Ta Ni Yóò Sọ Pé Ó Tó?

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pósí Delbert Shimko kalẹ̀ sínú ibojì tán ni Dutch, ẹni tí kò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn panu mọ́ láyé rẹ̀, bá ké tòò pé, "Ẹ dúró ṣánṣán!"

Lójú ẹsẹ̀, gbogbo arúgbó tó kù nínú ẹgbẹ́ onílù àti onífèrè Harmon Creek na ẹ̀yìn. Gìgísẹ̀ kan gìgísẹ̀, àgbọ̀n gòkè, ojú ranjú síwájú. Ó wuyì, kí á má purọ́. Ó wú Noreen Gavlick pàápàá lórí, òun tó ti ń lu ìlù lábẹ́ Delbert, ọ̀gá ẹgbẹ́ tí gbogbo wọn ń pè ní Del, láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdébìnrin. Ó ṣe díẹ̀ kó tó rántí ohun tí Dutch gbàgbé.

Nínú ẹgbẹ́ wọn, ẹnikẹ́ni ló lè ní kí wọ́n dúró ṣánṣán, ṣùgbọ́n ẹnu Del nìkan ni "Ó tó!" ti ń jáde. Bí Del kò bá tíì sọ ọ́, eṣinṣin ìbáà wọ ihò imú rẹ, o ò gbọdọ̀ mira. Nígbà kan tí inú dédé run ún láàárín ìdánrawò, tí wọ́n gbé e digbadigba lọ sí ọsibítù, orí pápá ni wọ́n dúró sí títí ó fi jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tó sì bẹ nọ́ọ̀sì pé kó gbé fóònù sóun lẹ́nu kóun lè sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n máa ń fi ìtàn yẹn yangàn. Wàyí o, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà ti wà nísàlẹ̀ ilẹ̀.

Fadá Benik ṣe àmín, ó ní kí wọ́n máa bọ̀ ní gbọ̀ngàn ìjọ, oúnjẹ ti délẹ̀. Àwọn ẹbí gbéra. Ẹgbẹ́ kò mira.

"Dutch," Noreen sọ ọ́ láìmi ètè, bí gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n ṣe, "ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Ẹ̀yẹ ni mo fẹ́ ṣe fún ọ̀gá."

"O ti ṣe é. Ta ló máa wá tú wa sílẹ̀?"

"Ìwọ kẹ̀! Ṣebí ìwọ lọ̀gá fi ẹgbẹ́ lé lọ́wọ́?"

"Mi ò fẹ́ dá yín lẹ́kun ìjà o," ni Walt onífèrè wí láti ẹ̀yìn, "àmọ́ ìtọ̀ ń gbọ̀n mí."

"Tọ̀ ọ́ síbẹ̀," ni Dutch dá a lóhùn. "Ta ló ń wò ẹ́?"

Oòrùn mú. Fadá padà wá wò wọ́n. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ó tó o, ẹ jọ̀ọ́." Kò sẹ́ni tó ṣẹ́jú. Ó tún un sọ lédè Látìn, bóyá yóò wọ̀ wọ́n létí. Àwọn tó fẹ́ da erùpẹ̀ bo ibojì jókòó sórí kátakàtá wọn, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n ń wòran. Nígbà tó yá, Walt dákú. Ó ṣubú gbì bí igi, ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, gìgísẹ̀ kan gìgísẹ̀, ó sì ń bá ìdúró ṣánṣán rẹ̀ lọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ó ṣubú dáadáa," ẹnì kan fi ìlara wí.

Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́fun Noreen. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n sọ. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ti ń sọ fún un pé Del kú, ó ń mi orí, ó ra òdòdó, ó bá wọn yan orin. Ṣùgbọ́n bí òun bá fi ẹnu ara òun sọ "Ó tó", a jẹ́ pé Del kò ní sọ ọ́ mọ́ láéláé nìyẹn. Ọkàn rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó sàn kí gbogbo wọn gbẹ síbẹ̀.

"Noreen," ohùn Dutch ti yí padà. "Orúnkún mi ò lè gbé mi mọ́. Jọ̀ọ́."

Noreen la ẹnu. "Ó tó," ló wí wúyẹ́wúyẹ́.

"A ò gbọ́," ni Dutch wí, bí orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ̀n yẹn náà.

Noreen fà á yọ láti ìsàlẹ̀ ikùn. "Ó TÓ!"

Àwọn ẹyẹ fò lórí igi. Gbogbo arúgbó náà dà lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n dì mọ́ra wọn, wọ́n sì bú sẹ́kún bí ọmọdé, ẹkún tí ìdúró ṣánṣán ti ń bá wọn dì mú láti àárọ̀. Walt lajú, ó bèèrè bóyá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ṣì kù.

Wọ́n tiro lọ sídìí oúnjẹ. Noreen nìkan ló kù lẹ́bàá ibojì, gìgísẹ̀ rẹ̀ kò tú. Arlene, opó Del, tí kò fọwọ́ kan igi ìlù rí láyé rẹ̀, padà wá pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́.

"Oúnjẹ ń tutù, Noreen."

"Mi ò lè kúrò, Àǹtí. Kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ fún mi. Ta ló tiẹ̀ ń sọ ọ́ fún ọ̀gá?"

"Èmi ni." Arlene rẹ́rìn-ín. "O ò mọ̀? Tó bá ti pápá dé, á kàn dúró gbagidi sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, tòun ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Màá ní, 'Del, ó tó, jókòó jẹun.' Àfi kí n sọ ọ́ kó tó jókòó." Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. "Ní gbogbo alẹ́ báyìí, tí mo bá gbé abọ́ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á wá sẹ́nu mi. Mi ò wá rí ẹni sọ ọ́ fún."

Noreen yí padà kúrò lẹ́bàá ibojì, ó kọjú sí ìyàwó ọ̀gá rẹ̀. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó na ẹ̀yìn dáadáa.

"Ẹ sọ ọ́ fún mi," ló wí.