Omikan Tó Tú Àṣírí Irin

Ọdún méjì gbáko ni Motọ́lání fi bá yíìsì jà. Yíìsì tí à ń fi po búrẹ́dì yìí, ọ̀mùtí gbáà ni: bó bá ti jẹ ṣúgà tán, ọtí ló ń sọ ọ́ dà. Motọ́lání, ọmọ olùkọ́ Mẹ́tọ́díìsì, kò fẹ́ ọtí. Ní yàrá ìwádìí wọn ní Yaba, ó tún àbùdá yíìsì náà ṣe títí tó fi jáwọ́ nínú ọtí, tó wá ń sọ ṣúgà inú èèpo ẹ̀gẹ́ di ásíìdì, irú èyí tó máa ń mú kí ọsàn wẹ́wẹ́ kan.

Ọ̀gá rẹ̀, Dókítà Ọlátúndé, yọ̀ títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ásíìdì kún àgbá mẹ́ta, ó ní, "Motọ́lání, ayọ̀ náà ti tó. Wá ẹni tí yóò lò ó."

Motọ́lání mọ̀ pé ásíìdì yìí máa ń ṣí ìpẹtà kúrò lára irin. Ó rọ díẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, ó kọrí sí ọjà Ládìpọ̀.

Ọ̀dọ̀ Adéríbigbé tó ń ta irinṣẹ́ ọkọ̀ ló yà sí. Ó bá a níbi tó ti ń polówó jáàkì ńlá kan tó ti dógùn-ún fún awakọ̀ akẹ́rù kan láti Ìjọrà, Mùktárù lorúkọ rẹ̀.

"Jámánì ni!" Adéríbigbé ń búra. "Bí mo bá ti fọwọ́ kan irin, mo mọ ìlú tó ti wá."

Motọ́lání sọ ohun tó gbé wá, ó sì fún un ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

"Ṣé kò ní í jẹ wá lọ́wọ́, Àǹtí?" Adéríbigbé béèrè.

"Rárá o, Ẹ̀gbọ́n. Bí omikan ògì ló ṣe rí. Mo ti sẹ́ yíìsì rẹ̀ kúrò."

"Ẹ dà á lé e! Kí Mùktárù rí bí irin Jámánì ṣe ń dán."

Wọ́n rẹ jáàkì náà sínú bókẹ́ẹ̀tì fún wákàtí kan. Nígbà tí Motọ́lání fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún, ìpẹtà ṣí bí èèpo iṣu sísè. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Adéríbigbé ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mùktárù tẹ̀ ba, ó kà á sókè: "Ọláolú Wẹ́dà, Múṣìn." Nọ́ńbà fóònù wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rín Adéríbigbé gbẹ. Mùktárù tẹ nọ́ńbà náà lójú ẹsẹ̀, ó sì gbé fóònù sókè kí gbogbo ìsọ̀ gbọ́.

"Ọláolú nìyí! Jáàkì ni ẹ fẹ́?"

"Ọ̀kan ló wà níwájú mi. Wọ́n ní ọmọ Jámánì ni."

"Jámánì kẹ̀! Ọwọ́ mi ni mo fi jó o. Tó bá bàjẹ́, ẹ gbé e wá, màá tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé Jámánì máa ṣèyẹn fún yín?"

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Motọ́lání wá ibi tí yóò fojú sí kò rí. Mùktárù ní òun á ra jáàkì náà, nítorí òun mọ ilé ẹni tó bí i. Adéríbigbé dá kẹ́ẹ̀gì padà fún Motọ́lání láìwò ó lójú. "Ẹ máa gbé omi ìjẹ́wọ́ yín lọ."

Lọ́jọ́ kẹta, fóònù Motọ́lání dún. Adéríbigbé ni, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Àǹtí, ẹ bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá wá. Àmọ́ ẹ gba ẹ̀yìn ìsọ̀ wọlé o. Ọjà tí mo bá fẹ́ rà ni mo fẹ́ máa fi fọ̀, kì í ṣe èyí tí mo fẹ́ tà."